Irọ́ Tí Bọ̀sún Pa Fún Ìyá Rẹ̀ Láti Màléṣíà

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má tíì ká a sápò. Jókòó díẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, Bọ̀sún Ìgbẹ́kẹ̀lé lorúkọ rẹ̀. Kò pààyàn, kò jalè. Irọ́ kan ló pa fún ìyá rẹ̀, irọ́ tó dùn létí àwọn méjèèjì. Ibi tí irọ́ náà gbé e dé ni kó o wá gbọ́.

Adétutù ni ìyá Bọ̀sún ń jẹ́. Ọmọ ìdílé Àbọ̀ ni, àwọn tó ni ilẹ̀ ní Ajah, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí obìnrin. Iṣẹ́ méséńjà ló ṣe nílé iṣẹ́ ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún. Fáìlì ló ń gbé láti yàrá kan sí òmíràn, lẹ́yìn àwọn ọ̀gá. Nígbà tí ìjọba kọ́ ilé Jakande sí Ìlasàn, tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ yanrìn, tí akàn ń rìn wọ pálọ̀ bí ẹni wá kí onílé, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ibẹ̀ náà ló ti dá tọ́ Bọ̀sún, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Bọ̀sún kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ajah. Àwọn géètì tó ń dán lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹ̀sìteètì Lẹ́kkí yìí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú púpọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, wọ́n gbà á síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń jó páìpù ńláńlá mọ́ra. Kò pẹ́, àwọn kan wá ń wá wẹ́dà tí wọn óò kó lọ sí Màléṣíà. Ọdún méjì péré ni wọ́n ní kí wọ́n lọ lò, kí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ kan náà níbẹ̀, kí wọ́n sì padà sílé.

Ó fi Rẹ̀míláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti Olúwatómisìn ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Adétutù ní, "Bọ̀sún, kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún ọ."

"Màmá, ọkọ̀ ń dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á ránṣẹ́ sórí fóònù."

Adétutù rẹ́rìn-ín. Bọ̀sún ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé ọwọ́ lé e lórí níbẹ̀, ó gba èyí tó lè gbà kí okùn bàtà tó so tán.

Bọ̀sún kò kórìíra Ọlọ́run o. Ó máa ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún. Ó kàn rò pé àwọn tí ọwọ́ wọn kò mọ nǹkan kan ṣe ló yẹ kó máa yọ Ọlọ́run lẹ́nu. Ọwọ́ tirẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìlú kan létí òkun ni wọ́n mú wọn lọ ní Màléṣíà. Oòrùn ibẹ̀ ń ta bí ti Ajah, òjò ibẹ̀ kì í sì í gbàṣẹ kó tó rọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló ń sùn sí yàrá kan ní ọ́sítẹ́ẹ̀lì: ọmọ Fílípíìnì méjì, ọmọ Nẹ̀páálì méjì, Bọ̀sún, àti Samson, ọmọ Ìbẹ̀jú kan tí Bíbélì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òfurufú kan náà. Bọ́ọ̀sì ń kó wọn lọ síbi iṣẹ́, ó ń kó wọn padà. Akoto aláwọ̀ búlúù ni wẹ́dà ń dé sórí. Funfun ni ti àwọn ẹnjinía.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnjinía kan ṣí akoto rẹ̀ kalẹ̀ kó lè bọ́jú. Bọ̀sún gbé e, ó dé e, ó kápá mọ́ àyà, ó ní kí ọmọ Fílípíìnì kan ya òun ní fọ́tò. Ó fi ránṣẹ́ sílé. Kò tíì jẹun ọ̀sán tán tí fóònù fi dún.

"Bọ̀sún! Akoto yìí mà yẹ ọ́ o! Ṣé kì í ṣe ti àwọn ọ̀gá nìyẹn?"

"Tiwọn ni, Màmá. Wọ́n ti sọ èmi náà di ẹnjinía."

"Háà! Ẹnjinía! Èmi Adétutù méséńjà! Èmi tí mo ń gbé fáìlì tẹ̀ lé ẹnjinía kiri fún ọgbọ̀n ọdún! Ọmọ tèmi!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Bọ̀sún fẹ́ sọ pé eré ni òun ń ṣe. Ẹ̀rín náà kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò gbọ́ kí ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín báyẹn rí.

Samson gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀sún, pe Màmá padà, kó o sọ òótọ́ fún wọn kí irọ́ yìí tó dàgbà mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Pásítọ̀ àwọn onírin, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Àbí ẹ fẹ́ gba ìdámẹ́wàá akoto ni?"

Gbogbo àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, àwọn méjì péré yẹn náà ni, rẹ́rìn-ín. Samson rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Èmi á ṣì máa gbàdúrà fún ọ, ẹnjinía."

Ní Jakande, Adétutù ti lọ tẹ fọ́tò náà tóbi, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ẹnjinía. Bó bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn ọmọ tó ń wa kẹ̀kẹ́ á ní, "Ẹ jókòó síwájú, Ìyá Ẹnjinía." Gbogbo èyí ló ń ròyìn fún Bọ̀sún lórí fóònù, Bọ̀sún náà sì ń fi kún un. Lónìí, ó ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òun. Lọ́la, ó ní wọ́n ti di igba.

Ọdún méjì pé. Ó yẹ kó padà sílé. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe padà? Ṣé kí ọmọ Ìyá Ẹnjinía tún lọ lóṣòó sẹ́bàá ọ̀nà Ajah, kó máa jó géètì? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó tún fọwọ́ sí ìwé ọdún kan sí i. Bíà ló ń fi gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, òun àti ẹni tó bá rí.

Àsìkò yẹn gan-an ni Adétutù pè é. Inú ti ń run ún fún oṣù díẹ̀, ó ti ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó lè dìde. Kò sọ. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ:

"Bọ̀sún, ìgbà wo lò ń bọ̀? Ó wù mí kí n rí ọ."

Bó bá jẹ́ pé ó sọ pé, "Màmá, mi ò lè wá nísinsìnyí," bóyá ìyá ì bá bẹ̀ ẹ́, bóyá ì bá sọ pé ara òun kò yá. Ṣùgbọ́n ẹnu Bọ̀sún ti mọ́ ọn. Ó ní:

"Màmá, ẹ ò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí ni. Bí mo bá kúrò níbẹ̀ fún wákàtí kan péré, gbogbo iléeṣẹ́ yìí lè gbaná. Ẹ̀mí àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ mi."

Adétutù ní, "Háà. Má kúrò níbẹ̀ o, ọmọ mi. Dúró ti iṣẹ́ rẹ."

Kò béèrè mọ́ láti ọjọ́ náà. Bọ̀sún rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n jókòó sábẹ́ ibòji, wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Èkó nígbà yẹn. Fóònù Bọ̀sún dún. Rẹ̀míláyọ̀ ni.

"Bàbá Tómisìn."

"Kí ló dé tó o jí kùtù báyìí?"

"Bàbá Tómisìn, Màmá ti lọ."

"Wọ́n lọ síbo?"

Ẹkún ni Rẹ̀míláyọ̀ fi dá a lóhùn. Ìgbà náà ló yé e. Ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sáré lọ bá fóòmàǹ wọn, ọmọ Màléṣíà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ̀sún ti múra láti bẹ̀ ẹ́, ó ti múra láti dọ̀bálẹ̀ bó bá gba bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní ó dun òun gan-an. Ó ní kó máa lọ, òfin iléeṣẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí òbí rẹ̀ bá ń ṣàìsàn tàbí tó bá kú, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Ó béèrè pé, "Ìyá rẹ ò ti ń ṣàìsàn ni? O ì bá ti sọ."

Bọ̀sún kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò tíì dé ẹnu géètì tó fi bojú wẹ̀yìn. Ẹlòmíràn ti wà lórí páìpù tó jókòó sí láàárọ̀. Iná wẹ́dà ń kọ yẹ̀rì níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń lọ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín lókè àtẹ̀gùn.

Iléeṣẹ́ náà kò gbaná.

Ó jókòó sórí yanrìn níbẹ̀, ó fọwọ́ bo orí bí ọmọdé.

Samson tọrọ àyè, ó tẹ̀ lé e padà sí ọ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn níta nínú oòrùn.

"Samson, mo pa ìyá mi."

"Àìsàn ló pa wọ́n, Bọ̀sún."

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí mi. Mo ní bí mo bá kúrò, iná á jó èèyàn. Wọ́n gbà mí gbọ́! Ìwọ kọ́ lo sọ fún mi? Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Máa sọ ọ́!"

Samson kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bí ẹ̀rọ ẹ́síréè bá fi hàn pé ihò wà nínú ibi tí a jó, kí là ń ṣe sí i?"

O mọ irú ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n fi ń wo egungun ní ọsibítù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi wo inú irin níbi iṣẹ́ wọn, torí ojú irin lè dán kí inú rẹ̀ ní ihò.

Inú bí Bọ̀sún. "Ìyá mi kú, ìwọ ń bi mí ní ìbéèrè iṣẹ́?"

"Bọ̀sún, dá mi lóhùn."

"A ó gé e. A ó lọ̀ ọ́ dé ìdí, a ó tún un jó."

"Ṣé a ò lè kùn ún lọ́dà kó dán?"

"Kí ni ọ̀dà fẹ́ ṣe fún inú?"

Bọ̀sún gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Samson ní, "Jésù ti rí inú rẹ látọjọ́ yìí. Bó ṣe rí yẹn náà ló ṣe kú fún ọ. Kò ní kó o kọ́kọ́ lọ dán wá. Ó ní kó o jẹ́ kí òun gé e dé ìdí. Á dùn ọ́. Mi ò ní tàn ọ́, á dùn ọ́."

Orí sìmẹ́ńtì yẹn ni Bọ̀sún kúnlẹ̀ sí, òun tí kò ráyè kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo sọ ara mi di ohun tí mi ò jẹ́, mo sì fi ìyá mi san án. Mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè bẹ̀. Jésù, gbà mí."

Àwọn kan máa ń sọ pé ayọ̀ kún inú àwọn lọ́jọ́ tí àwọn gba Olúwa gbọ́. Ti Bọ̀sún kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹkún ló ń sun. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé akoto yẹn, kò ronú irọ́ tí yóò tún pa.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó padà sílé.

Tómisìn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní Jakande. Ó ti ga. Ó wo bàbá rẹ̀ lókè nísàlẹ̀, ó wo fọ́tò tó wà lára ògiri, ó tún wò ó. Ó ní, "Dádì, ta lẹ fi síbẹ̀? Ṣé iná ò ní jó wọn?"

Ọmọ ọdún márùn-ún! Òun náà ti gbọ́. Òun náà ti ń bẹ̀rù iná fún àwọn èèyàn Màléṣíà.

Bọ̀sún bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Iná kankan ò lè jó wọn, Tómisìn. Irọ́ ni Dádì pa. Wẹ́dà ni Dádì. Wọn ò nílò mi tó bẹ́ẹ̀."

Rẹ̀míláyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó gbọ́. Kò pariwo. Ó bá a wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, 'Rẹ̀mí, bó bá kúrò níbẹ̀ tí iná sì jó ọmọ ọlọ́mọ, kí ni n óò sọ fún Ọlọ́run?' Wọ́n ń jẹ̀rora, wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ Màléṣíà! Ní àárọ̀ tí wọ́n lọ, mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n lajú, wọ́n ní, 'Ṣé wọ́n jẹ́ kó sinmi lónìí?' Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Bọ̀sún, torí pé o fẹ́ dé akoto?"



Agbo ilé àwọn Àbọ̀ ní Ajah ni wọ́n sin Adétutù sí. Nínú ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ti tẹ̀ kí Bọ̀sún tó dé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ẹnjinía Bọ̀sún Ìgbẹ́kẹ̀lé, ọmọ olóògbé." Nígbà tó tó kí ọmọ bu yanrìn sí sàréè, Bàbá Àbọ̀, ẹ̀gbọ́n olóògbé, gba máìkì.

"Ẹ jẹ́ kó kọjá! Ẹ jẹ́ kí ẹnjinía wa láti òkè òkun kọjá! Ọmọ tó gbé orúkọ ìdílé Àbọ̀ ga!"

Bọ̀sún lè dákẹ́. Mo fẹ́ kó o ro ìyẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ àfi ìyàwó rẹ̀ àti ọmọdé. Bó bá bu yanrìn, tó dákẹ́, Ẹnjinía ni wọn ì bá máa pè é títí di òní. Ó tọrọ máìkì.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi kì í ṣe ẹnjinía. Wẹ́dà ni mí. Mo mú akoto ẹnjinía ẹlòmíràn dé, mo sì parọ́ fún ìyá mi. Wọ́n fẹ́ rí mi kí wọ́n tó lọ. Irọ́ mi ni kò jẹ́ kí wọ́n pè mí."

"Bọ̀sún!" Bàbá Àbọ̀ nawọ́ sí máìkì. "Ta ní bi ọ́? Ta ní bi ọ́ léèrè? O fẹ́ dójú tì wá lójú àlejò?"

"Bàbá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Jésù ti dárí jì mí. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹnì kan ní orí rẹ̀ kò pé. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Adétutù bú sẹ́kún. Bàbá Àbọ̀ kẹ́yìn sí i. Bọ̀sún kúnlẹ̀ létí sàréè, ó bu yanrìn náà, ó ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí."

Gbogbo agbo ilé gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó gbọ́ ọ ni kò gbọ́.

Ẹ̀bàá ọ̀nà Ajah ni Bọ̀sún wà báyìí, géètì ló ń jó. Ó ń sin Olúwa, Rẹ̀míláyọ̀ náà sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run ti dárí jì í, ìyẹn kò ní àní-àní. Síbẹ̀, àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń pa iná, tó máa ń jókòó, tí omi máa ń dà lójú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í bi í léèrè.

Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Mi ò mọ orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o ní ẹnì kan tó gbà ọ́ gbọ́. Kí lo sọ fún un pé o jẹ́? Bóyá ìyá rẹ ń fi orúkọ rẹ yangàn lábúlé, o sì mọ ohun tó ò ń ṣe níbi tó o wà. Bóyá ọkọ rẹ ni, tàbí ìyàwó rẹ. O ti ń rò ó pé bó bá ṣe díẹ̀ sí i, bí nǹkan bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, wàá jẹ́wọ́. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni náà á ṣì wà?

Ọlọ́run kò béèrè pé kó o tún ara rẹ ṣe kó o tó wá. Ọmọ rẹ̀ ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún irú wa. Ohun tó ń fẹ́ ni òótọ́ láti ẹnu rẹ. Sọ fún un lónìí pé: "Jésù, báyìí ni mo rí. Ṣàánú mi, wẹ̀ mí mọ́, gbà mí, kó o sì máa jọba lórí mi." Bó bá ti ọkàn rẹ wá, kò ní lé ọ.

Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó o parọ́ fún bá ṣì wà láàyè, dìde, lọ bá a. Má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, lọ fúnra rẹ. Kan ilẹ̀kùn. Ó ṣì lè dá ọ lóhùn.